Ẹ Má Tíì Bú Lẹ́ńsì Yẹn

Láti ìgbà tí Canon àti Nikon ti gbé EOS R àti Z jáde ní 2018, tí àwọn ayàwòrán tó rí jájẹ sì ń sáré tọ kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú lọ, DSLR, ìyẹn kámẹ́rà tó ní dígí nínú, ti di ohun tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo. Kámẹ́rà tí dígí inú rẹ̀ ń fò sókè gbà tí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá lábàá láyé ọjọ́un, agùnbánirọ̀ tó bá mọ owó ṣọ́ ná lè ra tòkunbọ̀ rẹ̀ báyìí kó tó parí ọdún ìsìn rẹ̀. Nígbà tí Canon EOS 300D dé ní 2003, ìròyìn ńlá ló jẹ́ ní Amẹ́ríkà pé $899 ni wọ́n ń tà á láìsí lẹ́ńsì. Mẹ́gápíksẹ́ẹ̀lì 6.3 péré ló ní. Fóònù tó wà lápò yín jù ú lọ.

Inú mi dùn sí gbàǹjo yìí, torí ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ojú wọn mọ nǹkan wò rí nǹkan fi ṣiṣẹ́. Àmọ́ kì í pẹ́ tí wọ́n bá rà á tán tí n ó fi gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo: lẹ́ńsì tó bá a wá kò dáa.

Àbúrò mi kan ra Nikon D3200 tòkunbọ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55mm tó sábà máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n pè é síbi ìsọmọlórúkọ kan n'Íbàdàn, ó lọ, ó sì kó fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó. Gbogbo ẹ̀ ló ṣe bàìbàì. Wọ́n ní lẹ́ńsì 24-70 ló ń ya fọ́tò tó mú."

"Èló ni 24-70 ọ̀hún?"

"Hmm. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè, sà. Owó kámẹ́rà ò dé ìdajì ẹ̀."

Mo ní kó kọ́kọ́ tún wọn fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, torí WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kó lè yá a gbé, ohun tí wọ́n sì ti fún pọ̀ kò ṣeé dá lẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n dé, mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó ṣe lẹ́ńsì. Mo tún rí i pé àìsàn tó ń ṣe fọ́tò kejì kọ́ ló ń ṣe ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀kẹta sì tún yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé kámẹ́rà mọ̀ ṣáájú ohunkóhun nìyẹn. Bàìbàì ju oríṣi kan lọ, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tó máa ń fi sílẹ̀ lójú fọ́tò. Ẹni tí kò bá tíì wo àmì náà kò gbọdọ̀ tíì dárúkọ owó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Àwọn òbí ọmọ jókòó, gbogbo ilé yí wọn ká. Gílóòbù tó wà lára ògiri ti gùn di ìlà kékeré tó dà sápá ọ̀tún. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dán lára àwo oyin dà sápá ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ fọ́tò náà tóbi, ẹyinjú àwọn èèyàn náà dà sápá ọ̀tún bákan náà. Tí ohun gbogbo bá ti fà síbì kan náà, kámẹ́rà ló mì lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Fáìlì fọ́tò kò sì ń purọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé 1/13 ni. Ìyẹn ni pé ojú kámẹ́rà ṣí sílẹ̀ fún ìdá kan nínú mẹ́tàlá ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò dà bíi pé ó pẹ́ létí, àmọ́ ọwọ́ ènìyàn kò lè dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà tó tó bẹ́ẹ̀.

Òfin àtijọ́ kan wà tí àwọn onífọ́tò fíìmù fi sílẹ̀ fún wa: ẹ má jẹ́ kí ìyára ojú kámẹ́rà lọ sílẹ̀ ju ìdá kan lórí gígùn lẹ́ńsì, ìyẹn nọ́ńbà mm tí ẹ sún lẹ́ńsì sí. Tí lẹ́ńsì bá wà ní 50mm, 1/50 ó kéré tán. Àmọ́ ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà bíi D3200 kéré ju fíìmù ayé ọjọ́un lọ, ẹ ó fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀ ní ti Nikon, 1.6 ní ti Canon. Nítorí náà 55mm ń fẹ́ nǹkan bíi 1/80, 200mm sì ń fẹ́ 1/300. Ẹni tó mu kọfí láàárọ̀ kó fi díẹ̀ kún un.

Ọwọ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀ láti ṣe. Ẹ fi ọwọ́ òsì gbé lẹ́ńsì láti ìsàlẹ̀, ẹ má fi ìka méjì fún un lọ́rùn láti òkè. Kí ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sún mọ́ ìhà. Ẹ mí síta, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dún fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bọ́tìnì kámẹ́rà wà nínú ohun tí òwe yẹn ń bá wí. Àwọn ọmọ wa ń gún un bíi pé wọ́n ń pa ẹ̀fọn.

Fọ́tò kejì ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò mú. Ìyá àgbà ń fi oyin kan ọmọ náà lẹ́nu. Àga tí ó jókòó lé mọ́ gaara, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣeé kà, àmọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ àti orí ọmọ náà ti di èéfín. Níhìn-ín ọwọ́ ayàwòrán kò gbọ̀n rárá. Àwọn tí ó ń yà ló mira. Bọ́tìnì VR tó wà lára lẹ́ńsì, tí àwọn kan gbà pé oògùn gbogboǹṣe ni, kò lè ran èyí. VR ń bá ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n jà ni; kò lè ní kí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ má jupá. Fún ẹni tó jókòó tó ń sọ̀rọ̀, 1/125 a máa tó mi. Fún ijó, n kì í lọ sílẹ̀ ju 1/250. Fún ọmọdé tó ń sáré kiri abẹ́ tábìlì, 1/500, kéèyàn sì máa gbàdúrà.

Ibo ni a ó ti wá rí ìmọ́lẹ̀ tí 1/250 ń fẹ́ nínú pálọ̀ tí kọ́tìnnì rẹ̀ dì mọ́ ojú fèrèsé ní aago méje àárọ̀? Ẹ bẹ onílé kó ká kọ́tìnnì sókè. Mo mọ̀ pé ojú ń ti àwọn ọmọ láti bẹ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kí ọmọ wa lè hàn dáadáa" kò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú rí níṣojú mi. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé ISO sókè, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó. Ẹnì kan ti lọ dẹ́rù ba àwọn ọmọ yìí pé tí ISO bá ti kọjá 400, fọ́tò ti bàjẹ́. Irọ́ ni. Ní 1600 tàbí 3200, wínníwínní díẹ̀ á hàn nínú ibi tó ṣókùnkùn, àmọ́ bí ẹ bá tẹ fọ́tò náà jáde lórí bébà tí a fi ń kọ lẹ́tà, ẹ ó wá a tì. Fọ́tò tó ní wínníwínní ṣì ṣeé fi sí fúrémù. Èyí tó ṣe bàìbàì kò sí ibi tí ẹ fẹ́ gbé e kọ́. Nínú D3200, ẹ lè ní kí kámẹ́rà máa yan ISO fúnra rẹ̀, kí ẹ sì pàṣẹ fún un pé ìyára kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 1/125. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Alẹ́ Fúráìdeè ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n ti ń gbé àwo ataare kiri.

Ẹ̀kẹta ló ń kó àwọn èèyàn sí ìnáwó jù lọ. Ojú bàbá ọmọ kò mú, àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ lè ka ihò léèsì tí ìyàwó ìkejì àna wọ̀. Nǹkan kan mú nínú fọ́tò náà, kì í sì í ṣe ohun tí a fẹ́. Fókọ́ọ̀sì ló ṣìnà. D3200 ní ojúkò 11 tó fi ń wá fókọ́ọ̀sì, tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ kó máa yàn fúnra rẹ̀, ibi tí àwọ̀ dúdú àti funfun ti pàdé lójijì ló máa ń sáré sí. Léèsì, ìlà aṣọ òkè àti etí gèlè ń fà á lójú mọ́ra ju iwájú orí ènìyàn lọ. Kí ẹ gba ìpinnu yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yan ojúkò kan ṣoṣo. Èyí tó wà láàárín ló lágbára jù nínú kámẹ́rà yìí. Ẹ gbé e lé ojú tó sún mọ́ yín nínú ojú méjèèjì, ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì, ẹ jẹ́ kó gbà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ dópin. Ẹni tó dúró sójú kan, ẹ yan AF-S níbi tí kámẹ́rà ti ń bi yín irú fókọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́. Ẹni tó ń jó bọ̀ wá bá yín, ẹ lo AF-C, kí kámẹ́rà lè máa tẹ̀ lé e.

Tí ẹ bá wá wo inú ihò kámẹ́rà tí ohun gbogbo ń dà bíi pé kò mú rárá, bí fọ́tò tilẹ̀ mú, rọ́bà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà tí wọ́n ń yí fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń fẹ́ awò. Ẹni tó lo kámẹ́rà tòkunbọ̀ ṣáájú yín lè ti yí i sí ojú tirẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ ò wá sọ pé kí n ra nǹkan kan." Mo ní ó dáa, kó ra 35mm f/1.8 tàbí 50mm f/1.8, àwọn lẹ́ńsì kékeré tí kò ní súùmù. Wọn ò wọ́n, wọ́n sì dáa ju owó wọn lọ. Nọ́ńbà f ń sọ bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; bó bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń fẹ̀ tó. Níbi tí lẹ́ńsì 18-55 ti ń lo f/5.6, f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Fún ẹni tó ń ya fọ́tò nínú pálọ̀ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Àmọ́ kó rí i dájú pé AF-S ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Orúkọ kan náà ni pẹ̀lú AF-S ti inú kámẹ́rà, àmọ́ lára lẹ́ńsì, ó túmọ̀ sí pé lẹ́ńsì náà ní mọ́tò tirẹ̀ nínú. Àwọn 50mm ti àtijọ́ tí wọ́n kọ AF nìkan sí, ara kámẹ́rà ni wọ́n ń retí pé kó bá wọn yí fókọ́ọ̀sì, D3200 kò sì ní mọ́tò tó ń ṣe é. Ọwọ́ lẹ ó máa fi yí i.

Kó sì tó máa yọ̀, kó mọ ohun tí f/1.8 ń gbà padà. Tí ẹ bá dúró ní mítà kan àtààbọ̀ sí ènìyàn pẹ̀lú 50mm lórí kámẹ́rà yìí, ohun tó máa mú lójú fọ́tò kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí ojú bá mú, etí ti ń lọ. Tí ẹni náà bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí fókọ́ọ̀sì ti gbà, imú rẹ̀ ti jáde kúrò níbi tó mú. Àwọn tó ra lẹ́ńsì yìí tán tí wọ́n ṣí i gbayawu ní gbogbo ìgbà ló tún ń padà wá sọ pé lẹ́ńsì kò dáa. Fún ènìyàn méjì tó dúró pọ̀, ẹ lọ sí f/4. Fún ẹbí tó tò ní ìlà mẹ́ta, f/8, kí ẹ gbé fókọ́ọ̀sì lé ìlà iwájú tàbí díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ló máa ń mú jù láàárín f/5.6 àti f/8, títí kan 18-55 tí a ń bú. Ẹ má sì rò pé bí nọ́ńbà náà ṣe ń ga ni yóò máa mú sí i. Ní f/22, ihò náà ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn kálẹ̀ bó ṣe ń gbà á kọjá, ohun gbogbo á wá rọ̀.

Ìsẹ́yìn ni mo ti rí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lójúkan náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kámẹ́rà rẹ̀ ń ya nǹkan tó mú, kó lọ síbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. Abẹ́ páànù, ìdajì òjìji, ìdajì oòrùn. Òwú títa nà jìnnà síwájú ahunṣọ, òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún kó lè le. Aṣọ tó ń jáde níwájú rẹ̀ kò fẹ̀ ju bí ínǹṣì mẹ́rin lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ igi méjì ìsàlẹ̀, òwú ń là sókè àti sísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju igi olówùú kọjá, òsì ń gbà á, gbàgà, ó ti fa igi ìtẹ̀wù mọ́ra, ó tún ti jù ú padà. Ó ń bá ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù, kò wo ọwọ́ rẹ̀.

Pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 ní 55mm, f/5.6, ISO 1600, mo rí 1/500 níbẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì dúró lójú òfurufú. Ẹ lè rí irun òwú tó yọ lára etí aṣọ náà, ẹ lè rí èékánná rẹ̀ tí àwọ̀ ẹ̀lú ti wọ̀. Lẹ́ńsì tí wọ́n ní kò dáa nìyẹn o. Mo wá sọ ISO kalẹ̀, mo sì lọ sí 1/30, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti òpó. Ojú rẹ̀ mú, òwú mú, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń fò. Mo fi méjèèjì hàn án. Ó wo ti àkọ́kọ́, ó ní, "Ó dà bíi pé ẹ ní kí n dúró." Ó ní kí n tẹ èkejì fún òun. Èmi ṣì fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, nítorí èékánná yẹn, àmọ́ n kò bá a jiyàn.

Àwọn onífọ́tò àtijọ́ kò ní ojúkò 11, wọn ò sì ní VR. J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, nígbà tí kò tíì sí kámẹ́rà kankan lọ́jà tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Nínú àwọn fọ́tò dúdú àti funfun wọ̀nyẹn, ẹ lè ka fọ́nrán òwú tí wọ́n fi di irun. Ẹni tó jókòó mọ̀ pé òun wá ya fọ́tò ni, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní wàhálà, ayàwòrán kò sì kánjú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá onífọ́tò àdúgbò yín tó máa ń pariwo pé "Má ṣẹ́jú!" Apá kan iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń yà. A ti gbàgbé ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má sọ fún ìyàwó pé kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Àwọn bàìbàì kan wà tí kò sí lẹ́ńsì tó lè ran wọ́n. Ẹ gun Láyípo lọ lóṣù Kìíní, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àárẹ̀ ní 1936, kí ẹ na lẹ́ńsì 200mm sí àwọn òrùlé páànù pupa Ìbàdàn ní aago kan ọ̀sán. Eruku ọyẹ́ wà láàárín ẹ̀yin àti gbọ̀ngàn Mápó, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gbọ̀n lórí páànù. Òrùlé á máa mì bí èyí tó wà nínú omi. Lẹ́ńsì olówó iyebíye á kàn ya eruku náà dáadáa ni. Ẹ padà lọ láàárọ̀ kùtù, tàbí lẹ́yìn òjò. Ẹ má sì paarọ̀ lẹ́ńsì lórí òkè yẹn nígbà ọyẹ́; eruku tó bá bọ́ sínú kámẹ́rà ló ń di àmì dúdú lójú sánmà.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ alẹ́ tún ní ti rẹ̀. Àwọn iná LED kan ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí iná mànàmáná tiwa, ti jẹnẹrétọ̀ náà pẹ̀lú, ń lọ ní 50Hz. Ojú wa kò rí i, àmọ́ tí kámẹ́rà bá wà ní 1/500, ìlà dúdú lè gba àárín fọ́tò kọjá. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1/100, á lọ. Mo ti rí ẹni tó tìtorí èyí gbé kámẹ́rà lọ fún oníṣẹ́, oníṣẹ́ náà sì gbowó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún kọ̀ǹpútà yín. Fọ́tò D3200 fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 6016, ó ga tó 4000. Tí ẹ bá ṣí i ní 100% lórí ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ tó 1920, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fọ́tò náà lẹ̀ ń wò. Kò sẹ́ni tó máa fi imú kan fọ́tò ìgbéyàwó lára ògiri bẹ́ẹ̀. RAW náà, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn, kì í mú tó JPEG, fọ́tò tí a máa ń fi ránṣẹ́ lásán, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, torí kámẹ́rà ti bá yín pọ́n JPEG kó tó kó o fún yín. RAW, ẹ̀yin lẹ ó pọ́n ọn.

Tí ẹ bá ti gbìyànjú gbogbo èyí, tí ọkàn yín kò tíì balẹ̀ sí lẹ́ńsì náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí ohun tó ta gbòǹgbò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú gíláàsì, èébu ni, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, ọ̀rinrin ló bí i, irú tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sanwó lé. Bí kò bá sí, ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri lọ́sàn-án, ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa VR, ẹ ní kó ka ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó ya á, kí ẹ má baà fọwọ́ mì ín. Ẹ yà á ní f/5.6, f/8 àti f/16. Bí lẹ́tà kéékèèké bá ṣeé kà láàárín, lẹ́ńsì ti jàre. Bí apá òsì bá mú tí apá ọ̀tún kò mú ní gbogbo rẹ̀, tí kámẹ́rà sì dojú kọ ògiri gbọọrọ, ó ṣeé ṣe kó ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bínú.

Àbúrò mi ṣe é. Ìwé ìròyìn ṣeé kà dé igun. Ó ṣì ń dárúkọ 24-70, àmọ́ ó ti gbà láti yá a lọ́wọ́ ọ̀gá kan fún òde Sátidé kan ṣoṣo, kó kọ́kọ́ gbé e sí ọrùn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dìgbà tí wọ́n bá ń kó àga, kó tó sọ iye tí òun lè san.